Ìlà Tí Ẹ̀gbọ́n Kò Pa Rẹ́

Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì náà ń pè é ní Bàbá Kò-Tuntun, kò sì bínú sí i. Iṣẹ́ tí ìjọba gbà á sí náà nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣe ohun kan tí ó ní òun lòun kọ́kọ́ ronú kàn án, tí ó sì fẹ́ ìwé ẹ̀tọ́ tí ẹlòmíràn kò fi ní lè ṣe é láìgba àyè lọ́wọ́ rẹ̀, orí tábìlì Bàbá ni ìwé náà ń bọ̀. Láyé ìgbà yẹn, kò ì tíì sí pé à ń tẹ bọ́tìnì kí ìdáhùn jáde. Bàbá á wọ àárín àwọn ìwé àtijọ́ lọ, eruku á bò ó lójú, á máa wò ó bóyá ẹnìkan ti ṣe irú rẹ̀ rí níbikíbi. Ayé sì ti pẹ́. Bí o bá ní o ṣe ìkòkò onídìí méjì, ẹnìkan ti ṣe onídìí mẹ́ta kí wọ́n tó bí bàbá rẹ.

Yàrá wọn kò tóbi: tábìlì méjì, fèrèsé kan tí kì í ṣí tán, fáànù tí ń mi orí bí ẹni tí kò gba ọ̀rọ̀ gbọ́. Obìnrin tí ó jókòó sí tábìlì kejì ni wọ́n ń pè ní Ìyá Àgádágodo, nítorí kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo ni tirẹ̀ láti yẹ̀ wò.

"Bàbá, ta lẹ fẹ́ pa lẹ́kún lónìí?" ó bi í láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Oní-rédíò yẹn ni. Ó ń bọ̀ fúnra rẹ̀."

"Èyí tí ẹ ti dá padà lẹ́ẹ̀mejì?"

"Òun náà ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni òpin. Òfin kò fún wa ní ẹ̀ẹ̀kẹrin."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Atúnrédíòṣe ni ọkùnrin náà. Ẹ́ríà ló ṣe, ohun tí rédíò fi ń gbá ohùn mú lójú afẹ́fẹ́, àmọ́ kì í ṣe ọ̀pá gígùn tí à ń fà yọ. Ìlà bàbà ni ó tẹ̀ sórí ike fẹ́lẹ́ bí ẹni tẹ ìwé, tí ó lẹ̀ mọ́ gíláàsì fèrèsé, tí ó sì fi irin kékeré kan sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí a bá ti irin náà, abala bàbà kan á sún gorí èkejì, ẹ́ríà á gùn tàbí kó kúrú, títí tí yóò fi bá ibùdó tí a ń wá mu. Ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n níbi tí oníṣẹ́ ti ń kọ ohun tí í ṣe tirẹ̀ sínú ìwé, ó ní gbogbo ẹ́ríà tí a bá tẹ̀ sórí nǹkan pẹlẹbẹ, tí à ń ti irin láti yí gígùn rẹ̀ padà, òun ló ni ín. Bàbá sì ti rí i nínú ìwé ogbó kan pé ẹnìkan ti ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Oní-rédíò wọlé pẹ̀lú páálí lábíyá. Obìnrin kan tẹ̀ lé e, ó ga jù ú lọ, ó ki pẹ́ńsù bọ irun.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Àwòrán ilé ni wọ́n ń yà fún àwọn bíríkìlà. Àwọn náà ló ya èyí tó wà nínú ìwé mi."

"Mo sìn ín wá kó má baà sunkún lójú títì ni," obìnrin náà wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣé irọ́ ni mo pa?"

Bàbá ní kí wọ́n jókòó. Ó ṣí ìwé ogbó náà sílẹ̀ níwájú wọn. Oní-rédíò wò ó títí.

"Ọ̀gá, ṣé onítọ̀hún ṣì wà láyé?"

"Ó ti kú tipẹ́."

"Ó kú, síbẹ̀ ó ń bá mi du nǹkan." Ó nu ojú rẹ̀. "Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe rédíò rán ènìyàn wá wò ó. Ó ní bí ìwé ẹ̀tọ́ bá jáde, àwọn á wá bá mi sọ̀rọ̀. Mo ní bí kò bá jáde ńkọ́? Ó ní àwọn á ṣe é náà."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Ìyá Àgádágodo, ó fi ìwé bo ẹnu.

"Jẹ́ kí n rí i," Bàbá wí.

Ọkùnrin náà yọ ẹ́ríà náà nínú páálí, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ègé gíláàsì kan. Ó so ó mọ́ rédíò ọ́fíìsì. Bàbá ti irin náà: ẹnìkan ń ka ìròyìn bọ́ọ̀lù. Ó tì í díẹ̀ sí i: orin dé. Ó dá a padà, bọ́ọ̀lù tún dé. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, ó rọra ṣe é, ó dẹ etí. Nǹkan kan ṣe é ní kàyéfì. Bí irin bá ń sún lórí irin, rédíò máa ń ké ṣàràṣàrà. Ẹni tó ni ìwé ogbó yẹn pàápàá ráhùn lórí rẹ̀. Ó ní kí a máa fi òróró pa á.

"Kí ló dé tí kò pariwo?"

Oní-rédíò wolẹ̀. "Ẹ má wo ibẹ̀ yẹn, ọ̀gá."

"Ibo ni kí n má wò?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dáhùn.

"Màmá wa kì í fi bẹ́ẹ̀ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Rédíò ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Torí wọn ló ṣe ṣe é, kí wọ́n lè nawọ́ yí i níbi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti tì í, á bẹ̀rẹ̀ ṣàràṣàrà. Màmá á ní, 'Ta ló ń fọ ìkòkò nínú etí mi?'"

"Mo wá fi ọ̀rá sáàárín bàbà méjèèjì," ọkùnrin náà wí. "Ọ̀rá tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì lásán. Wọn ò kanra mọ́, ariwo bá dá. Ọ̀rá náà fẹ́lẹ́, ohùn ń gba inú rẹ̀ kọjá. Àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ló ń so nǹkan rédíò kó má kanra? Bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá rí i, wọ́n á ní mi ò mọ iṣẹ́. Àbùlẹ̀ ni. Mi ò kọ ọ́ sínú ìwé."

Inú Bàbá dùn, ó sì bàjẹ́ lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó ti wo gbogbo ìwé tó wà nínú ilé yẹn. Kò sí ẹni tó fi nǹkan sáàárín. Èyí tuntun. Ṣùgbọ́n ohun tí kò bá sí nínú ìwé lọ́jọ́ tó wọlé, òfin kò gbà kó wọ̀ ọ́ mọ́; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kálukú ni ìbá máa rántí ọgbọ́n lẹ́yìn ọjà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti sọ fún pé kò tuntun, tí ó sì lọ sílé lọ sùn. Kò tíì sọ ọ́ rí fún ohun tí ó tuntun.

Ó ṣí ojú ìwé tí àwòrán wà, bóyá kí ọwọ́ lè rí nǹkan ṣe. Àwòrán ẹ́ríà náà ni, bí ìgbà tí a là á láti ẹ̀gbẹ́. Ìlà dúdú nínípọn méjì ni bàbà. Láàárín wọn, ìlà tín-ín-rín kan wà tó ń já lójú já lójú. Ó ti rí i tẹ́lẹ̀, ó rò pé ìlà tí ayàwòrán fi ń tọ́ ọwọ́ ni.

"Kí lèyí?"

"Ọ̀rá náà ni," obìnrin náà wí.

"Mo ní kí wọ́n pa á rẹ́," àbúrò rẹ̀ wí. "A jà lórí rẹ̀. Wọn ò kí mi fún ọjọ́ mélòó kan."

"Bí mo bá yọ ògiri kúrò nínú àwòrán torí pé onílé ò fẹ́ràn rẹ̀, ilé á wó pa ènìyàn. Ohun tó wà níbẹ̀ ni mo yà. Mo tiẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sí i."

Bàbá mú gíláàsì tó fi ń wo lẹ́tà wínníwínní. Lóòótọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà, lẹ́tà bí ẹsẹ̀ èèrà: *ọ̀rá, kí bàbà má kan bàbà.* Òǹtẹ̀ ọ́fíìsì, ti ọjọ́ tí ìwé náà kọ́kọ́ wọlé, wà lójú ìwé kan náà.

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọmọ mi," ó wí, ó sì ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì, "ohun tí o fi pamọ́ yìí ni tìrẹ. Yọ gbogbo èyí tó kù kúrò, kí o fi èyí nìkan sílẹ̀."

"Gbogbo rẹ̀? Àbùlẹ̀ nìkan ló máa kù nìyẹn."

"Aṣọ ti ní olówó rẹ̀. Àbùlẹ̀ ni tìrẹ."

"Ilé iṣẹ́ yẹn ńkọ́?"

"Kí wọ́n lọ ṣe ti òkú ọ̀hún. Kí wọ́n máa bá àwọn ènìyàn fọ ìkòkò nínú etí."

Ọkùnrin náà fa ìwé rẹ̀ mọ́ra. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbé ìgbéraga àwọn gbólóhùn gígùn yẹn kiri. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ pẹ́ńsù nínú irun, ó nà án sí i. Ó gbà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà pa àwọn gbólóhùn náà rẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá kọjú sí fèrèsé, bí a ti ń ṣe fún ẹni tó ń pa aṣọ dà.

Nígbà tí wọ́n lọ, ẹ́ríà náà ṣẹ́kù sórí tábìlì, nítorí ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ títí ìwé yóò fi jáde. Ti Màmá wọn ṣì wà lára fèrèsé nílé. Bàbá gbọ́ ohùn wọn lórí àtẹ̀gùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé."

"Èmi kọ́. Délé ná. Ìwọ lo máa sọ fún Màmá pé ìráhùn wọn ló gba ìwé."

Ìyá Àgádágodo gbé orí sókè. "Bàbá, kí ni kí n kọ? Ṣé kò tuntun?"

Bàbá ti fa rédíò mọ́ra. Ó ń ti irin kékeré náà lọ, ó ń tì í bọ̀, ó tẹ etí sí rédíò, ó ń retí ariwo tí kò dé.