Wọ́n Ń Fẹ́ Bùsírátù Nílé

Kò sí ìran ènìyàn lábẹ́ ọ̀run tí ikú kì í bẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí olúkúlùkù ìran ń gbà ròyìn rẹ̀ kò dọ́gba. Àwọn kan a máa lu agogo; àwọn kan a máa kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá tiwa, a máa ń bo ìròyìn náà lójú. A kì í sọ fún ọmọ lójú ọ̀nà pé bàbá rẹ̀ ti kú; a ó kàn ní wọ́n ń fẹ́ ẹ nílé ni. Nígbà tí ó bá dé àárín àwọn tí yóò dì í mú ni yóò tó gbọ́. Ẹni tí ó bá dàgbà láàrin wa kì í béèrè ìdí. Ojú ońṣẹ́ ni yóò wò, yóò sì dìde.

Ọpẹ́olúwa kò dàgbà láàrin wa. Ọmọ Ẹ̀gbá ni bàbá àti ìyá tí ó bí i, ṣùgbọ́n Ìlú Ọba ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa; ohun tí Yorùbá kì í sọ jáde ni kò gbọ́. Ó yọ̀ǹda ọdún kan nínú ayé rẹ̀ láti wá ran àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ́wọ́ láìgba owó, wọ́n sì fi í sí Alábàtà. Níbẹ̀ ni ó ti dá ẹgbẹ́ ìtàkùrọ̀sọ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, ní ọ̀sán Sátidé. Òfin kan ṣoṣo ni ó fi lélẹ̀: ẹnu ọ̀nà ni Yorùbá ń dúró sí, ìbáà ṣe àlejò ni ó gbé e wá. Àwọn ọmọ fẹ́ràn òfin náà. Ẹni tí ó bá ṣèèṣì, wọn a ké pé, “Ó jábọ́!” wọn a sì rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú wọn.

Bùsírátù ni ó dáńtọ́ jù nínú wọn. Ó ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Alábàtà nítorí ilé-ìwé, nígbà tí bàbá rẹ̀, Alájì Sàlàhúdíìnì, ń ta aṣọ ní Ṣàpọ́n. Alájì a máa rán àbúrò rẹ̀, Mùs'áb, láti wá mú un láàrin ẹ̀kọ́ bí ọjà bá ti yá. Ìgbà tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, inú bí Ọpẹ́olúwa. “Sọ fún bàbá rẹ pé èmi náà ní ọjà tí mò ń tà,” ni ó wí.

Ní Sátidé kan, àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ tí ó rán Ọpẹ́olúwa níṣẹ́ wá láti Èkó láti wo àríyànjiyàn àwọn ọmọ. Bùsírátù ni olórí olùsọ̀rọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni Alájì ṣubú nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kò sì dìde mọ́. Lèmọ́mù ní bí wọ́n bá ti kírun Alásárì tán, àwọn yóò gbé e lọ sí ìtẹ́ òkú. Sàfúrátù, aya olóògbé, kúnlẹ̀ níwájú Mùs'áb.

“Bàbá Kékeré, ẹ bá mi mú ọmọ mi wá kí wọ́n tó bo bàbá rẹ̀ lójú. Àwa obìnrin kì í bá wọn dé ìtẹ́. Bí kò bá rí i nílé, kò rí i mọ́ nìyẹn.”

Mùs'áb háyà ọkọ̀. Nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Wọ́n ń fẹ́ Bùsírátù nílé.”

“Ó jábọ́!” ni gbogbo ilé fi ariwo gbà.

Ọpẹ́olúwa rẹ́rìn-ín músẹ́. “English, please, sir. It's our rule.”

Mùs'áb ṣí fìlà. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni gbé ẹrù tí ó wúwo. “Dem dey find Busirat for house.”

Ẹ̀rín bú jáde. Fáyọmí, ọmọ àgbẹ̀ kan tí ó jókòó lẹ́yìn, sín in jẹ: “Baba, dem dey find you too!” Àwọn àlejò pàápàá rọra fọwọ́ bo ẹnu. Ojú ti Bùsírátù. Ó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó sì sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

“Bàbá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ dúró níta.”

Mùs'áb yíjú sí olùkọ́. “Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n rí yín níbí.”

“Ẹ má bínú, sà,” ni Ọpẹ́olúwa rọra wí, “àlejò wà nílẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn oníbàárà kí wọ́n ṣe sùúrù. Bí a bá ti parí, yóò tẹ̀lé yín.”

Ọkùnrin náà la ẹnu. Ó wo ọmọ náà, ó sì pa ẹnu dé. Ohun tí wọ́n rán an láti bò, kò lè dúró níwájú ogunlọ́gọ̀ ọmọ kí ó máa pariwo rẹ̀. Ó lọ jókòó lábẹ́ igi dóńgóyárò, ó ń pe ilé lórí fóònù, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá lèmọ́mù dúró díẹ̀.

Bùsírátù borí. Inú Ọpẹ́olúwa dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ní òun yóò bá wọn lọ sí Ṣàpọ́n, kí òun fi fídíò náà han Alájì, kí ó lè mọ irú ọmọ tí ó bí. Ojú ọ̀nà ni Mùs'áb ń wò títí ọkọ̀ fi dé àdúgbò Alájì.

Àwọn ọkùnrin ń ti ìtẹ́ bọ̀. Wọ́n ká ṣòkòtò sókè. Erùpẹ̀ pupa wà lẹ́sẹ̀ wọn. Bùsírátù wo erùpẹ̀ náà, ó wo àbúrò bàbá rẹ̀.

“Ta ni?”

Ó sáré wọlé, igbe rẹ̀ sì sọ pé ó ti mọ̀.

Sàfúrátù jáde wá, ọmọ rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn léjìká. “Bàbá Kékeré, kí ló dá yín dúró? A bẹ lèmọ́mù títí ó fi sú wọn.”

Mùs'áb wo Ọpẹ́olúwa fìrí, ó sì gbé ojú kúrò. “Ọkọ̀ ló bàjẹ́ lọ́nà, Ìyàwó wa.”

Obìnrin náà rí àlejò. “Áà, tíṣà! Ẹ ṣeun tí ẹ bá wa sin ọmọ wá. Ẹ gbé àga fún wọn o. Ẹ fún wọn lómi.”

Ọpẹ́olúwa fi fóònù pamọ́ sẹ́yìn. Ó wá ọ̀rọ̀ ìtùnú tí a fi ń kí ọlọ́fọ̀, kò rí i, nítorí kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ rí. Ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, mà.” Ó jókòó. Ó mu omi náà. Irọ́ ọkọ̀ wà nílẹ̀ láàrin wọn, kò sì gbé e kúrò. Láti èjìká ìyá rẹ̀, Bùsírátù ń wò ó, òun náà kò sì sọ pé irọ́ ni.

Ọpẹ́olúwa pa òfin náà rẹ́ kí oṣù tó parí. Nígbà àdúà ogójì ọjọ́, ó lọ sí Ṣàpọ́n láti jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n Sàfúrátù fa aṣọ kan yọ nínú ọjà Alájì, ó fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọpẹ́olúwa gbà á, kò sì jẹ́wọ́ mọ́. Ó ti padà sí Ìlú Ọba. Kò tíì rán aṣọ náà. Fáyọmí ni ó ń darí ẹgbẹ́ báyìí. Mùs'áb ni ó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òwúrọ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọkọ̀ kò bàjẹ́. Bùsírátù ti kó kúrò ní Alábàtà. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni ó ti ń lọ sí ilé-ìwé, kò sì padà sínú ẹgbẹ́ náà. Bí Mùs'áb bá pè é láti ṣọ́ọ̀bù, kì í jẹ́ kí ó pè é lẹ́ẹ̀kejì kí ó tó dìde.