Ìwé Orin Bàbá Onígbàjámọ̀

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń tọ́jú ìwé orin ẹgbẹ́ akọrin àdúgbò wa, wọ́n sì sọ mí ní Aláìṣìṣe. Mo fẹ́ràn orúkọ náà ju èyí tí bàbá mi sọ mí lọ. Oògùn ni mo ń tà lọ́sàn-án. Mo mọ nǹkan kà, mo mọ̀ ọ́n tò, n kì í sì fi ojú rere wo ẹni tó bá sọ ìwé nù. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ojú ń tì mí.

Ọjọ́bọ tó ṣáájú eré wa, níbi ìgbáradì, olùdarí yí nǹkan kan padà. Láàárín orin mímọ́ tó gùn jù nínú ètò wa, gbogbo wa máa ń dákẹ́, àwọn onífèrè náà á dákẹ́, a ó ka méjì, kí àwọn olóhùn ìsàlẹ̀ tó kígbe pé, "Dìde!" Olùdarí ní gbọ̀ngàn tí a fẹ́ lò tóbi, ìró fèrè kò ní tíì kú tán, ká ka mẹ́fà. Kálukú fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Bàbá Onígbàjámọ̀ nìkan ni kò sí níbẹ̀, torí ó gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí ọsibítù. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni, ohùn rẹ̀ ló sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù láàárín àwọn olóhùn ìsàlẹ̀. Ó pè mí lórí fóònù.

"Aláìṣìṣe, bí wọ́n bá yí ohunkóhun padà, bá mi kọ ọ́ sínú ìwé mi o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ló wà."

Ìwé rẹ̀ wà lórí tábìlì níwájú mi. Ṣùgbọ́n mo ń fọ́nnu lọ́wọ́ fún àwọn obìnrin méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, pé ewé ìwé kan ṣoṣo kò sọ nù lọ́wọ́ mi rí. Nígbà tí mo fọ́nnu tán, mo kó gbogbo ìwé sínú àpótí, mo tì í, mo gba ilé lọ.

Lọ́jọ́ eré, ọsibítù ni Bàbá ti bọ̀ tààrà, a ti ń tò sórí ìlà nígbà tó dé. A kọrin dé ibi ìdákẹ́. Olùdarí na ọwọ́ sókè, ó mú un dúró síbẹ̀. Ìwé ni Bàbá ń wò. Ó ka méjì, ó sì ké e síta pẹ̀lú gbogbo àyà rẹ̀, òun nìkan: "Dìde!"

Ọkùnrin kan ní ìjókòó iwájú dìde lóòótọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. A kọ orin náà parí, a kọ àwọn orin ìfẹ́ àti orin apẹja tó wà ní apá kejì, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí àwọn olóhùn ìsàlẹ̀ bá lanu ni àwọn kan ń fọwọ́ bo ẹnu.

Nígbà tí a parí, tí mo sì ti kó àwọn ìwé jọ, olùdarí bá wa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìtàgé. Kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. "Ẹni tí ojú bá ti ń ṣe bàìbàì fún, kó jọ̀ọ́, kó fi ọ̀wọ̀ ara rẹ̀ sinmi." Ó wá yíjú sí mi. "Ṣé ẹ kọ ọ́ sínú ìwé Bàbá?"

"Ó wà níbẹ̀, sà."

Irọ́ náà kò gbà mí ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bàbá wò mí, ó wo ilẹ̀, ó sì bẹ gbogbo ẹgbẹ́, títí kan àwọn tó lè bí lọ́mọ. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé, èmi na ìka ẹlòmíràn sí wọn.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ ṣí àpótí. Ìwé rẹ̀ mọ́ tónítóní. Bí mo bá níwà rárá, ibẹ̀ ni ǹ bá ti sunkún. Pẹ́ńsù ni mo gbé. Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé, "Ka mẹ́fà," mo tilẹ̀ fi ìka ra á díẹ̀ kó lè dà bí ohun tó ti pẹ́.

Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn eré, Bàbá wá bá mi ní yàrá tí a ń kó ìwé sí. Kò tíì yọjú sí ìgbáradì kankan láti ọjọ́ eré.

"Jẹ́ kí n wo ìwé mi, ẹ̀ẹ̀kan péré."

Mo fà á yọ fún un. Ó gbé gíláàsì wọ̀, ó wá ojú ewé náà, ó sì gbé ìka lé ohun tí mo kọ.

"Ó wà níbẹ̀. Mo búra fún ìyàwó mi pé kò sí níbẹ̀."

"Bàbá, kò sẹ́ni tí kì í ṣẹlẹ̀ sí."

"Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára bàbá tèmi nìyẹn. Ohun tó wà níwájú rẹ̀, kò ní rí i. Kó tó pé ọdún méjì, kò mọ orúkọ wa mọ́." Ó pa ìwé náà dé. "Láti ọjọ́ yẹn, mi ò gbé abẹ lé ẹnikẹ́ni lórí. Mo ní kí n kọ́kọ́ rí ìwé yìí ná. Mo ti rí i báyìí, màá ti ṣọ́ọ̀bù pa."

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín, mo sì ti rò pé ẹ̀sín nìkan ni mo kó bá a. Mi ò mọ̀ pé mo ti ń gba iṣẹ́ ogójì ọdún lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, èmi ni mo kọ ọ́."

"Mo mọ̀ pé ìwọ lo kọ ọ́. Èmi ni mi ò rí i."

"Lẹ́yìn eré ni mo kọ ọ́. Mo gbàgbé, mo purọ́, mo wá lọ kọ ọ́ kí àṣírí má bàa tú. Lọ́jọ́ eré, kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Mo kúnlẹ̀. Mo ń retí èébú, kódà ìgbátí, ó tọ́ sí mi. Bàbá jókòó lórí àpótí, ó fọwọ́ bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó gbójú sókè, omijé ti rin gíláàsì rẹ̀.

"Orí mi pé nígbà náà?"

"Orí yín pé, Bàbá. Ìwà tèmi ni kò pé."

"O ṣeun," ló wí. "O ṣeun gan-an, ọmọ mi."

Ká ní ó nà mí ni, ì bá sàn ju ọpẹ́ yẹn lọ. Mo ní màá sọ ọ́ níwájú gbogbo ẹgbẹ́ ní Ọjọ́bọ. Ó mi orí.

"Ìyẹn di Ọjọ́bọ. Ìyàwó mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, láti ọjọ́ mẹ́wàá ló ti ń ronú ẹni tí yóò máa tọ́jú òun bí orí mi bá dàrú. Jẹ́ ká lọ."

Ọsibítù ò jìnnà. Bàbá ń fi imú kọrin, ó ń sáré rìn, èmi ń wọ́ ẹsẹ̀ tẹ̀lé e. Obìnrin náà ti gbé ara jókòó nígbà tí a wọlé, ó ti rù gan-an. Ó rí ìwé orin lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó sì mọ ibi tó ti ń bọ̀.

"Ṣé ó wà níbẹ̀, àbí kò sí níbẹ̀?"

Bàbá fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fọwọ́ hàn mí pé kí n jókòó. Mo jókòó. Ojú obìnrin náà wà lára mi, mi ò sì mọ ibi tí mo fẹ́ gbé ojú tèmi sí. "Kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ eré, Ìyá," ni mo wí, "èmi ni mo purọ́."