Sẹ́ẹ̀lì Ọkùnrin Nínú Gẹ̀gẹ̀ Ìyá Wúrà

Ní ilé ìwádìí kékeré kan ní Òkè-Fìà, Dókítà Rùkáyà ń yẹ gẹ̀gẹ̀ tí wọ́n gé lọ́rùn Ìyá Wúrà, àgbẹ̀ kòkó ní Iperindo, wò. Wọ́n ti tú sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ya àwòrán ibi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara jókòó sí. Ní igun kan, Rùkáyà rí bí ogójì sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ ti ọkùnrin.

Àkànó ló máa ń gbé ẹran ara tí wọ́n bá gé wá láti ilé ìwòsàn ní Iléṣà. Òun ni Rùkáyà fura sí lójú ẹsẹ̀.

"Àkànó, ẹran ara ta lo dà mọ́ ti ìyá yìí?"

"Mi ò da nǹkan kan pọ̀, mà."

"Ẹ̀rọ kì í purọ́."

"Èmi náà ò purọ́."

Rùkáyà ní kó lọ jókòó sílé. Lọ́jọ́ kejì, ó wọkọ̀ lọ sí Iperindo. Ìyá Wúrà ń sá kòkó. Kò tiẹ̀ fún un ní àga.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ fi gẹ̀gẹ̀ mi ṣèwádìí, ṣé ẹ ti tà á ni?"

"A ò tà á, mà. Ṣé wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí yín lára rí?"

"Rárá."

"Ṣé ẹ ti bímọ ọkùnrin rí?"

Ìyá náà sọ ọ̀pá tó fi ń yí kòkó sílẹ̀. "Ta ló rán ọ sí mi? Obìnrin méjì ni mo bí."

Rùkáyà ṣàlàyé pé sẹ́ẹ̀lì ọmọ inú a máa wọ ara ìyá rẹ̀, òmíràn a sì wà níbẹ̀ títí ọjọ́ ogbó. Ìyá Wúrà wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Kí n tó fẹ́ bàbá wọn, mo bí ọkùnrin kan ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò láyé. Wọn ò mọ̀ nílé yìí." Ó fọwọ́ kan ojú àpá ọrùn rẹ̀. "Ṣé gbogbo ohun tó fi sílẹ̀ lára mi lẹ gé kúrò?"

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀, mà. Ó ṣeé ṣe kó kù níbòmíràn."

Ìyá náà bú sẹ́kún.

Nígbà tí Rùkáyà padà, ó fi àwọn sẹ́ẹ̀lì náà wé ti ìyá: ọmọ rẹ̀ ni lóòótọ́. Ó pe Àkànó, ó bẹ̀ ẹ́, ó ní òun lòun ṣàṣìṣe. Àkànó gbà, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kì í gbé ìgò ẹran ara kankan kalẹ̀ mọ́ àfi kí Rùkáyà kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé pé ti ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀.