Gáùn Gìrìpá

Ogójì ọdún ni mo fi rán aṣọ obìnrin, mi ò sì lo téèpù rí. Nọ́ńbà ara téèpù ti kéré jù, ilé ìwé tí mo lọ kò sì ju ọdún méjì lọ. Okùn tín-ín-rín ni mo ń lò. Oníbàárà kan, okùn kan. Mo ta kókó kan síbi tí èjìká parí sí, méjì síbi àyà, mẹ́ta síbi ìbàdí, mo sì fi okùn náà kọ́ ìṣó lára ògiri. Títí dòní, bí ẹ bá fi ọ̀kan lé mi lọ́wọ́, màá sọ ẹni tó ni ín fún yín: ìyàwó adájọ́ tí èjìká rẹ̀ kan ga ju èkejì, olórí akọrin tó lóyún tó ní òun ò lóyún. Okùn kì í purọ́. Bí mo ṣe rò nìyẹn nígbà náà.

Ọmọ ọmọ mi ni Gìrìpá. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí i kì í béèrè òmíràn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni nígbà tí mò ń wí yìí. Ọrùn rẹ̀ nípọn bí itan mi. Tó bá fẹ́ wọ yàrá mi, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń wọlé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bá èèyàn kó ẹrù láti ilé dé ilé: bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù, fíríìjì, apá ibi tó bá wúwo jù ni wọ́n máa ń fi í sí. Tó bá ti ibẹ̀ dé, á tún bọ́ sẹ́yìnkùlé lọ gbé irin. Mo bi í nígbà kan pé ṣé èyí tó gbé níbi iṣẹ́ ò tó ni. Ó ní ìyẹn tọ̀gá, èyí tòun.

Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé, ní yàrá tó kángun sẹ́yìn. Ìyá rẹ̀, ọmọ mi obìnrin, nọ́ọ̀sì ni. Gbogbo Sọ́ńdè ló máa ń wá wò wá, á ní ká yọ ahọ́n síta kó tó kí wa.

Lọ́dún náà, Gìrìpá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun bí ẹyẹ. Ẹni tó ń jẹ ẹyin mẹ́fà láàárọ̀ wá ń jẹ ẹyọ kan, á tún ṣẹ́ ààbọ̀ kù. Irin ẹ̀yìnkùlé ń dípẹtà. Ìyá rẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, wọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Mo ní, "Ọkọ mi, ṣé ara ò dá ni?"

Ó ní ara dá.

"Àbí obìnrin ni?"

Ó rò ó díẹ̀. "Ẹ kúkú jẹ́ ká pè é bẹ́ẹ̀, Màmá."

Ó pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí ọ̀gá rẹ̀ tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá mi, ní ọjọ́ Fúráìdeè kan. Ó jókòó, ó bọ́ fìlà.

"Màmá, díẹ̀ ló kù kí kọ́bọ́ọ̀dù onídígí já bọ́ lọ́wọ́ ọmọ yín lánàá. Ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n. Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a máa gbé àpótí irin agbẹjọ́rò kan gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí kò bá lè gbé e, mo máa wá ẹni tó lè gbé e sípò ẹ̀ o. Mi ò bá yín jà."

"A ò jà," mo wí.

Lọ́jọ́ kejì, mo kó ẹ̀wù tí mo fọ̀ lọ sí yàrá Gìrìpá. Mi ò kanlẹ̀kùn, ilé mi ni. Mo bá a tó dúró láàárín yàrá, apá méjèèjì lókè bí ẹni tí ọlọ́pàá mú, gáùn pupa kan ti há a láti orí dé igẹ̀.

"Ta nìyẹn?" Inú aṣọ ló ti sọ̀rọ̀.

"Èmi ni."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo."

"Mi ò pariwo. Ojú rírán ni mò ń wò. Ta ló rán ìranù yìí?"

"Mo rà á ni."

"Wọ́n rẹ́ ọ jẹ. Má mí."

Mo tú sípù rẹ̀, mo fà á, orí jáde. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kò wojú mi. Ó ní gáùn mẹ́rin ló wà nínú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti pẹ́ tó ti ń rà wọ́n. Lọ́jọ́ tí kò bá sí iṣẹ́, òun á wọ èyí tó bá gbà díẹ̀ nínú wọn, òun á jókòó, òun á máa gbọ́ rédíò. Ọkàn òun á balẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tó pàdé lẹ́yìn. Ẹni tó ta pupa yìí ti sọ fún un pé Ọlọ́run ò dá gáùn fún irú èjìká bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló ṣe pinnu láti bọ́ èjìká náà sílẹ̀.

"Tí mo bá rù tó, Màmá, á wọ̀ mí."

"Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Iṣẹ́ á lọ."

"Ṣé o ò fẹ́ràn ẹ̀ ni?"

"Mo fẹ́ràn ẹ̀. Mo fẹ́ràn irin yẹn náà. Tí nǹkan bá wúwo tí mo sì gbé e tó gòkè, inú mi máa ń dùn bí ìgbà tí mo wọ èyí." Ó na ọwọ́ sí gáùn náà. "Àwọn méjèèjì ni ò gba ara wọn."

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n ké, kí n káwọ́ lérí. Ṣùgbọ́n nǹkan míì ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ránṣọ, mi ò sọ fún oníbàárà rí pé kó lọ gbé ara míì wá. Aṣọ là ń gé, a kì í gé èèyàn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

"Dìde," mo wí.

"Kí n ṣe kí ni?"

"Kí n wọ̀n ọ́."

"Màmá, ẹ ò tiẹ̀ bi mí pé kí ló dé?"

"Ṣé mo bi ìyàwó adájọ́ pé kí ló dé tí èjìká ẹ̀ fi wọ́? Dúró dáadáa."

Okùn kan ò yí i ká, mo so méjì pọ̀. Bí mo ṣe ń ta kókó ni mò ń kọ́ ọ. Mo ní èjìká fífẹ̀ kì í ṣe àrùn, mo ti rán fún olùkọ́ eré ìdárayá tí tiẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Bí òkè bá fẹ̀, jẹ́ kí ìsàlẹ̀ náà fẹ̀, kí ojú má bàa dúró sójú kan. Má fi nǹkan kan wú èjìká sí i. La ọrùn wálẹ̀ ṣóńṣó. Ó ń gbọ́ bí ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò.

Mo bi í, "Apá aṣọ ńkọ́? Ṣé kó gùn kó bo gbogbo iṣan yìí?"

"Rárá o. Kó kúrú."

"O fẹ́ kó hàn?"

"Mo ṣiṣẹ́ fún un, Màmá."

Mo ní ó dáa, màá rán an, ṣùgbọ́n á jẹun. Ó gbà. Mo gbé aṣọ aláwọ̀ ewé kan jáde tí mo ti tọ́jú pé kí wọ́n fi sin mí. Mo wò ó, mo rí i pé ìsìnkú ọ̀hún ò tíì kánjú.

Ó jẹun lóòótọ́. Ó nu ìpẹtà kúrò lára irin. Ní Tọ́sìdeè, ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó wẹ̀, ó wọ gáùn. Sípù lọ sókè, ó há díẹ̀, mo sì tì í. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì. Ẹ̀rín tó rín lọ́jọ́ náà, mi ò rí irú ẹ̀ látìgbà tí eyín rẹ̀ àkọ́kọ́ ti yọ. Ló bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pé kí òun mú bàtà.

Fàá! Láti èjìká dé ìbàdí.

Ó nàró. Ó bọ́ aṣọ náà, ó ká a dáadáa, ó gbé e lé mi lórí itan. "Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ gbìyànjú. Ó ti hàn pé ọ̀kan ni mo lè ní."

Kò jẹun alẹ́.

Mo jókòó ti aṣọ yẹn títí. Òwú ò já, aṣọ ló ya. Tó bá jẹ́ òwú ló já, ọwọ́ mi ló ṣẹ̀. Aṣọ tó bá ya, ìwọ̀n ló ṣẹ̀. Ní àárọ̀ Fúráìdeè, kó tó jáde, mo pè é, mo tún fi okùn yí i láyà. Kókó ti fi ìka mẹ́rin jìnnà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Ẹni tó ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta febi pa ara rẹ̀ ni mo wọ̀n, lọ́jọ́ ìsinmi, tó dúró jẹ́ẹ́ bí òpó. Bí mo ṣe máa ń wọ̀n àwọn obìnrin mi nìyẹn, ìjókòó ni wọ́n sì ń fi aṣọ wọn ṣe. Kò sí èyí tó gbé fíríìjì rí nínú wọn. Okùn ò purọ́ lóòótọ́. Ara ló purọ́ fún okùn.

Mo ní, "Ẹ̀bi mi ni. Ibi tí ara ti tóbi jù ló yẹ kí n ti wọ̀n ọ́."

"Níbo nìyẹn?"

"Lábẹ́ ẹrù. Mò ń bọ̀ wá bá ọ nídìí àpótí irin lọ́la."

"Lójú gbogbo wọn, Màmá?"

"Mi ò ní sọ nǹkan kan fún wọn. Ìwọ sáà jẹun lónìí. Bí mo bá tún un rán tó tún ya, mi ò ní dárúkọ oúnjẹ sí ọ létí mọ́ láyé."

Ó wò mí títí. Ó jẹ ìrẹsì èèyàn mẹ́ta, ó fi búrẹ́dì nu àwo.

Ní Sátidé, mo bá wọn nílé agbẹjọ́rò náà. Àpótí irin ọ̀hún ga tó àyà mi. Àwọn mẹ́rin ló so okùn mọ́ ọn. Gìrìpá wà nísàlẹ̀, ó fi ẹ̀yìn tì í. Ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́nu, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, wà lókè tó ń fà á. Wọ́n gun àtẹ̀gùn mẹ́jọ, ọ̀gá ní kí wọ́n mí díẹ̀. Èmi náà rọra gùn ún.

Ọ̀gá ké, "Màmá, ẹ kúrò ńbẹ̀! Nǹkan yìí á pa yín!"

"Mi ò ní pẹ́."

Mo fi okùn yí Gìrìpá láyà. Ara rẹ̀ gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ ti wú bí búrẹ́dì nínú ààrò.

"Kí lẹ̀ ń ṣe, Màmá?" ni ọ̀gá wí.

"Mò ń wọ̀n ọ́n fún aṣọ."

"Nísinsìnyí?"

"Nísinsìnyí ló tóbi."

"Irú aṣọ wo?"

Mi ò sọ ohun tí oníbàárà kan ń rán sétí ẹlòmíì rí. Òógùn ń wọ Gìrìpá lójú, kò sì lọ́wọ́ tó máa fi nù ún.

"Gáùn ni, ọ̀gá," Gìrìpá wí.

"Gáùn ta?"

"Tèmi."

"Yéè!" Ẹlẹ́nu lókè bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí Gìrìpá!"

Ẹ̀rín ò dáa fún ẹni tó di okùn mú. Okùn yọ lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo àpótí jókòó sẹ́yìn Gìrìpá, èmi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Kò fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Okùn ìwọ̀n fún mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì ta kókó sójú ibẹ̀ gan-an.

"Màmá," ó fi eyín sọ ọ́, "ṣé ẹ ti parí?"

"Ó ku abíyá."

"Ẹ yára díẹ̀."

Ọ̀gá fi fìlà nu ojú. Ó wo Gìrìpá, ó wo àpótí, ó tún wo Gìrìpá. "Ẹlẹ́nu, sọ̀kalẹ̀ lọ máa kó ìrọ̀rí." Òun fúnra rẹ̀ di okùn mú. "Àtẹ̀gùn mẹ́fà ló kù. Ẹ gbé e."

Wọ́n gbé e dé òkè.

Nígbà tí à ń sọ̀kalẹ̀, ọ̀gá sún mọ́ mi. "Màmá, kó má wọ̀ ọ́ wá síbi iṣẹ́ o."

"Aláwọ̀ ewé ni. Ẹrù á bà á jẹ́."

"Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn," ó wí.

Ẹlẹ́nu ò kúkú jáwọ́. Ní Mọ́ńdè, ó ní, "Àǹtí Gìrìpá, ẹ ò lo yẹtí wá lónìí?" Gìrìpá ní, "Mo gbàgbé ẹ̀ nílé. Ṣé wàá gbé apá tìẹ, àbí kí n bá ẹ gbé e?" Ó sọ fún mi pé ó dun òun díẹ̀. Ó jẹ ẹyin mẹ́fà lé e lórí.

Èmi ń rán aṣọ. Mo já gbogbo ẹ̀yìn gáùn náà sọnù, mo gé òmíràn láti igun dé igun kó lè máa nà. Mo fi àlẹ̀mọ́ onígun mẹ́rin sí abíyá méjèèjì. Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e ni mo parí ẹ̀. Ó wọ̀ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó nàró, kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ẹrù.

"Gbé nǹkan."

"Kí ni kí n gbé?"

"Gbé mi."

Ó gbé èmi àti àga tí mo jókòó lé. Mo fi etí ọ̀tún mi, èyí tó ṣì ń gbọ́ràn, lé ojú rírán èjìká rẹ̀. Àfi bí ìyá rẹ̀ ṣe ṣílẹ̀kùn wọlé. A ti gbàgbé pé Sọ́ńdè ni. Ó rí ọmọ rẹ̀ nínú gáùn, apá níta bí òpó méjì, ó rí ìyá rẹ̀ lókè. Báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá!"

"Dákẹ́. Mò ń gbọ́ ojú rírán."

Ọmọ aránṣọ ni, ìdí ẹ̀rọ mi ló dàgbà sí. Ó dákẹ́. Gìrìpá ò mí rárá, mo ń gbọ́ ọkàn rẹ̀ tó ń lù kìkì lábẹ́ aṣọ.

"Mí," mo wí.

Ó mí. Aṣọ nà, ó sì dúró.

"Kò ya."

Ọmọ mi yí i po lẹ́ẹ̀kan bí ìgbà tó ń yí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn po. Ó fi ìka kan abíyá aṣọ náà. Ó wá wo ojú ọmọ rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀.

"O ti sanra padà," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì."

"Sọ̀ wọ́n kalẹ̀."

Ó sọ̀ mí kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ọmọ mi, mo rí i lójú rẹ̀. Èyí tó rọrùn jù ló mú nínú wọn: ó ní ìṣẹ́tí aṣọ náà ò dọ́gba lápá ọ̀tún. Mo ní ó dọ́gba. Ó ní kò dọ́gba. Gìrìpá gun orí àga ká lè wò ó dáadáa, àga náà ké, ó sì gbà á. Èmi kúnlẹ̀ lápá kan, òun lápá kejì, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu àwa méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀.