Òòlù Inú Búùtù

"Ta ni mo fẹ́ pa? Tún un wí, kí àwọn ará ìta gbọ́. Ta ni èmi bàbá rẹ fẹ́ pa?"

"Èmi ò ní ẹ fẹ́ pa ẹnikẹ́ni, Bàbá. Mo ní òòlù yín ló pa bíárìn. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ò jọra."

"Kò jọra? Ẹnu rẹ mà mú o."

"Ẹ̀yin lẹ pọ́n ọn."

Ọmọbìnrin náà ò tiẹ̀ gbójú sókè. Orí rẹ̀ wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ pupa kan, òróró sì ti dé e ní ìgbọ̀nwọ́. Ẹnu-Abẹ ni gbogbo mẹkáníìkì òpópónà wọn ń pè é, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń gé èèyàn kí èèyàn tó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ni ọkọ̀. Ìjì ni wọ́n ń pe òun. Ó jókòó sórí ògbólógbòó táyà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ìka yí kọ́kọ́rọ́, ó sì ń wo aago. Ọkọ̀ rẹ̀ ti kúrò ní bí àwọn tó ṣe é ṣe ṣe é. Ó ti ra súpáshájà, ó gbé e lé e lórí. Ẹ̀rọ yìí ló ń ki afẹ́fẹ́ bọ ẹ́ńjìnì lọ́fun bí ẹni ń fi tipá bọ́ ọmọ tí kò fẹ́ jẹun, tí ọkọ̀ á fi sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ṣùgbọ́n gbogbo ariwo yẹn, orí bíárìn kan ló ń yí, bíárìn ọ̀hún ò sì ju ẹ̀gbà ọwọ́ ọmọdé lọ.

Ó ti fọ́ lẹ́ẹ̀kan. Lójú títì ẹ̀yìn ìlú, níbi kọ́nà, súpáshájà ké bí ẹran tó rí ọ̀bẹ, ó há gígan, ó já bẹ́líìtì. Bẹ́líìtì yẹn kan náà ló ń yí ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kí sítíárìn rọ̀ lọ́wọ́. Sítíárìn gan mọ́ Ìjì lọ́wọ́ pẹ̀lú eré lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ máa fi dúró, iná iwájú ọ̀tún ti ń fẹnu ko ògiri afárá. Àwọn tó sáré dé ibẹ̀ ní orí ẹ̀ ló yọ ọ́.

Ẹnu-Abẹ ò bá orí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, ó yọ bíárìn iwájú, ó fi ayùn irin là á sí méjì, ó nù ún mọ́, ó gbé e sójú oòrùn. Lójú ọ̀nà tí àwọn ọta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ń yí gbà, ó rí kòtò tín-ín-tìn-ìn-tín, ọ̀kọ̀ọ̀kan láyè tirẹ̀, bí ojú eyín lára èso. Iye ọta, iye kòtò. Eré kì í gbẹ́ irú kòtò bẹ́ẹ̀. Òòlù ló ń gbẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá fi òòlù kan púlì, ìyẹn àgbá tí bẹ́líìtì ń gbà lórí rẹ̀, mọ́ ẹnu ọ̀pá súpáshájà, gbogbo ìró òòlù yẹn á gba inú ọ̀pá lọ, àwọn ọta á sì bu ojú ọ̀nà wọn jẹ. Ojú lásán ò ní rí i. Ọkọ̀ á ṣiṣẹ́, á kọrin, á múnú olówó ẹ̀ dùn. Ó di ọjọ́ tó bá wù ú kó tó há.

Ta ló kan púlì àkọ́kọ́ yẹn? Kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Kò tíì sí irin tó ní òun ò wọlé tí òòlù Bàbá ò bá a sọ̀rọ̀ kó gbà.

Ní báyìí, bíárìn tuntun ti wọlé, wọ́n ti gbé súpáshájà padà sórí ẹ́ńjìnì, wọ́n ti dì í le. Púlì nìkan ló kù. Tọ́nà, ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ gé irin lẹ́yìn òpópónà, ń gé bóòtù gígùn kan, irin tí wọ́n ń yí wọlé bí ìdérí ìgò, tí wọ́n máa fi fa púlì náà wọlé díẹ̀díẹ̀, láìlù ú.

"Mò ń lọ bá Tọ́nà," ni Ẹnu-Abẹ wí. Ó nu ọwọ́, ó sì mú òòlù Bàbá kúrò lórí tábìlì.

"Níbo lò ń gbé ìyẹn lọ?"

"Ó fẹ́ nasẹ̀."

Lẹ́nu ọ̀nà, ó fa àbúrò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ìlàjì bíárìn tó bàjẹ́ sí i lọ́wọ́. "Fi èékánná wọ́ ojú ẹ̀."

Ìjì wọ́ ọ. Èékánná rẹ̀ ń jìn sí kòtò, ó ń jáde, ó tún ń jìn.

"Kí ló ń ṣe?"

"Ó ń kọsẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Ohun tó fẹ́ gbé ẹ lu ògiri nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé òòlù sún mọ́ ọkọ̀ yìí, kí lo máa sọ?"

"Màá ní rárá."

"Ẹnikẹ́ni o. Ojú tì ẹ́ o, ojú ò tì ẹ́ o."

"Mo ti gbọ́." Ó ti ìlàjì bíárìn náà bọ àpò.

Ẹnu-Abẹ gbé òòlù lé èjìká, ó gba iwájú ọkùnrin tó ń ṣe bátìrì kọjá. Ìyẹn rẹ́rìn-ín. "Ta lo ń lọ lù?"

"Ẹni tó bá bi mí ní ìbéèrè kejì."

Nílé Tọ́nà, ẹ̀rọ tó ń gé irin ń han gooro, irin wẹ́wẹ́ ń fò. "Ṣe sùúrù," ni Tọ́nà pariwo. "Irin ò mọ̀ pé o ń kánjú."

"Bàbá ló wà nídìí ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Bàbá tó bí ẹ lò ń ṣọ́ bí olè?"

"Olè á gbé e lọ ni. Kò ní lù ú."

Tọ́nà rẹ́rìn-ín títí, ó sì tún tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ariwo náà bo gbogbo ilé.

Bàbá ò tíì jókòó láti àárọ̀. Oníbàárà kan ló wọlé láàárọ̀ náà, ó kí i dáadáa, ó ní, "Ọ̀gá ńkọ́?" Bàbá ní òun nìyí. Ọkùnrin náà ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, ọ̀gá obìnrin ni mò ń wá." Bàbá sì na ìka sí ẹsẹ̀ Ẹnu-Abẹ méjèèjì tó yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀.

Ó wá dúró ti ọkọ̀ pupa náà báyìí, ó gbé púlì yẹn sórí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó.

"Ìgbà wo ni eré ìje ọkọ̀ yín?"

"Àwọn yòókù ti wà ní pápá, Bàbá. Èmi nìkan ni wọ́n ń retí." Fóònù Ìjì tún gbọ̀n. Ó wò ó, ó yí ojú rẹ̀ dé.

"Wọ́n ń fi ẹ́ rẹ́rìn-ín."

"Wọ́n ní ọkọ̀ mi ti di àga ìjókòó."

"Bóòtù tí Tọ́nà ń gé, ó lè di ìrọ̀lẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n ní ká dúró."

"Ta ló bí ẹ̀gbọ́n rẹ?"

Ìjì tún fi ìka yí kọ́kọ́rọ́.

Bàbá gbé púlì sílẹ̀. Nígbà tó tún máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ pátápátá. "Wojú mi. Gbogbo ọkọ̀ tí mo tún ṣe kí wọ́n tó bí ẹ, kí wọ́n tó bí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní èmi ni mo sọ ẹ́ lu ògiri. Ṣé ìwọ náà gbà bẹ́ẹ̀? Pé èmi ni?"

Ọmọ wo ló máa wojú bàbá rẹ̀ kó ní, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin ni? Ọ̀kan ṣoṣo ló wà nínú ilé yẹn tó lè sọ ọ́, ó sì wà ní ẹ̀yìn òpópónà pẹ̀lú òòlù léjìká. 

"Rárá, Bàbá."

"Mo mọ̀. Ó gbé òòlù mi lọ bí ẹni gba ìṣeré lọ́wọ́ ọmọdé. Ṣé òòlù wà nínú búùtù rẹ?"

Ó wà níbẹ̀. Ó lè ní kò sí. Ó ti pa irọ́ tó jùyẹn fún Bàbá rí nítorí ohun tí kò tó nǹkan. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ìka rẹ̀ kan ìlàjì bíárìn, èékánná rẹ̀ kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Ó wà, Bàbá."

Ó lọ ṣí búùtù. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé òòlù náà fún bàbá rẹ̀, bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́.

Bàbá fi pákó kékeré kan lé ojú púlì. "Pákó yìí á jẹ́ kó rọ̀ ọ́ lára," ló wí. Ó na òòlù sí i. Ó tún nà án. Púlì rá sórí ọ̀pá, ó ń wọlé, ó ń ké lóhùn tín-ín-rín. Ìjì ti jókòó sínú ọkọ̀, ó ti ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò rẹ̀, ó kọjú síwájú. Ìró kọ̀ọ̀kan ń gba inú sítíárìn wọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Ó ti dé tán. Ẹyọ kan péré ló kù."

Bàbá yọ pákó kúrò kó lè rí i dáadáa. Ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó gbé òòlù kọjá orí, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ sí àárín púlì gan-an.