Ara Tó Ń Yún Oníbúrẹ́dì

"Mọ́rúfù, má fọwọ́ yẹn kan búrẹ́dì mi."

Ìyá Bọ́látitó ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo àwo ńlá rẹ̀ lórí tábìlì. Òun ló máa ń gbé búrẹ́dì Mọ́rúfù lọ tà ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn láràárọ̀, kò sì sí oníbàárà mìíràn tó ń rà tó o. Mọ́rúfù ṣẹ̀ṣẹ̀ fi férémù ìlẹ̀kùn họ ẹ̀yìn tán bí ewúrẹ́ tó ń fara ha ògiri, ó sì na ọwọ́ láti kó búrẹ́dì fún un.

"Ẹ má bínú, mà. Kúlórókúìnì tí mo lò sí ibà ni," ni ó wí. "Ẹ̀yin náà ẹ mọ bó ṣe máa ń yún èèyàn."

"Mo mọ̀ ọ́n. Tí mo bá lò ó, n kì í fojú kan oorun. Ṣùgbọ́n tèmi kì í pẹ́ báyìí. Àwọn ará Ifẹ̀-Ọ̀dàn ti ń bi mí bóyá kúrúnà ló mú oníbúrẹ́dì mi. Kí ni kí n wí?"

"Ẹ ní kúlórókúìnì ni."

"Tí wọ́n bá wá ní kí ló dé tí o ò jáwọ́ nínú ẹ̀? Àbí o fi ń jẹ ẹ̀kọ ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Fàsílátù, ìyàwó Mọ́rúfù, ṣùgbọ́n inú tó ń bí i kò jẹ́ kó rín in. Òun fúnra rẹ̀ ló kó búrẹ́dì sínú àwo. Ìdajì ohun tí Ìyá Bọ́látitó máa ń gbé tẹ́lẹ̀ ló gbà.

"Ìyàwó, láti òní lọ, ìwọ ni kó o máa kó o fún mi," ni obìnrin náà wí, ó sì jáde lọ.

Abijáàn ni Mọ́rúfù ti kọ́ iṣẹ́ búrẹ́dì gígùn, ní àdúgbò Trẹ́ṣífìlì. Nígbà tí ó padà dé sí Ẹ̀jìgbò, ààrò tí ó mọ sẹ́yìn ilé ló ń bọ́ wọn. Ìjọba fòfin de wíìtì tó ń ti òkè òkun wá, ìyẹ̀fun wọ́n bí ojú, síbẹ̀ ààrò náà kò kú. Ẹ̀yún yìí ló wá fẹ́ pa á.

Ohun tó ń bí Fàsílátù nínú jù ni pé kò sí ohun tí òun kò tíì ṣe. Ó ti se aṣọ ọkọ rẹ̀ nínú omi gbígbóná. Ó ti sá tìmùtìmù sóòrùn. Ó ti fi ọṣẹ imí-ọjọ́ wẹ̀ ẹ́, ó ti fi àdín pa á lára títí gbogbo ilé fi ń rùn fún àdín. Bẹ́ẹ̀, tó bá wo ara ọkùnrin náà, kò rí kúrúnà, kò rí làpálàpá, àfi ipa èékánná. Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ló tilẹ̀ ń yún un jù.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó lọ bá Nọ́ọ̀sì Mosúnmọ́lá ní dìsípẹ́ńsárì, nítorí Mọ́rúfù kọ̀, kò lọ.

"Ìgbà wo ló lo kúlórókúìnì kẹ́yìn?" ni nọ́ọ̀sì bi í.

"Ọ̀sẹ̀ yìí náà ni, mà. Ó máa ń ní ibà ń ṣe òun, èmi ni mo sì ń rà á fún un."

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má fún un mọ́. Ẹ jẹ́ kó kúrò lára rẹ̀ ná. Ká ní kò lò ó ni, n kò ní ní kẹ́ ẹ dúró rárá. Tí ara bá ń yún èèyàn láìjẹ́ pé ara sú, nígbà mìíràn inú ló ti ń bọ̀: ẹ̀dọ̀, tàbí kídìnrín, tàbí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀."

Fàsílátù dúpẹ́, ó padà sílé, ó sì dúró bí wọ́n ti wí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí Ìyá Bọ́látitó gba ìdajì yìí, Fàsílátù tún gbé omi kaná láti se aṣọ. Kí ó tó ti ṣòkòtò Mọ́rúfù bọ omi, ó ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀. Ó bá bébà kékeré tí oníkẹ́míìsì fi ń di oògùn. Kúlórókúìnì inú rẹ̀ pé pérépéré. Ó ki ọwọ́ bọ àpò kejì. Òmíràn wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tú rí.

Ó dúró ti omi tó ń hó. Ọkọ òun kò gbé oògùn kankan mì. Òun sì ti fi ẹnu ara òun sọ irọ́ fún nọ́ọ̀sì láìmọ̀.

Ó bá Mọ́rúfù nídìí tábìlì, níbi tó ti ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì ọjọ́ kejì.

"Baba Ṣàkírù, kí lẹ ń gbé mì láti ọjọ́ yìí?"

Mọ́rúfù wo bébà ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó ń po ìyẹ̀fun lọ. "Sé riyẹ̀n," ni ó wí. Faransé tí ó máa ń sọ nìyẹn tí ó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀, pé kò sí nǹkan kan.

"Ẹ má sọ Faransé sí mi. Mo ní kí lẹ ń gbé mì?"

"Omi."

"Omi. Ẹ wá ń wò mí bí mo ṣe ń se aṣọ bí ẹni ń se ẹ̀wà."

"Tí mo bá ní kúlórókúìnì ni, kò sẹ́ni tí yóò tún bi mí ní nǹkan, gbogbo ayé ló ń yún. Tí mo bá ní n kò mọ̀, kúrúnà ni wọn yóò pè é. Ta ni yóò ra búrẹ́dì lọ́wọ́ ẹni tó ní kúrúnà?"

"Kì í ṣe kúrúnà. Mo ti wò yín látòkèdélẹ̀."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe kúrúnà." Ó yọ ọwọ́ kúrò nínú ìyẹ̀fun. "Joseph tí a jọ ṣiṣẹ́ ní Trẹ́ṣífìlì, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀. À ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé owó ló fẹ́ wọlé fún un. Nígbà tó yá, ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ìbẹ́pẹ. Kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ ni, ẹ̀pa ò bóró mọ́."

"Ẹ mọ èyí, ẹ sì dákẹ́?"

"Torí mo mọ̀ ọ́n ni mo ṣe dákẹ́."

Fàsílátù fà á lọ sẹ́nu ọ̀nà, síbi tí oòrùn wà, ó ní kó la ojú. Ẹyinjú rẹ̀ kò tíì pọ́n bí ìbẹ́pẹ, ṣùgbọ́n kò funfun mọ́. Ó dàbí aṣọ funfun tí wọ́n fi omi odò ìgbà òjò fọ̀.

"Ìtọ̀ yín ńkọ́?"

"Bíi tíì tí kò ní mílíìkì."

Ó fẹ́ kígbe. Gbogbo ọṣẹ yẹn, gbogbo àdín yẹn, gbogbo ọjọ́ yẹn ló ṣòfò, ẹni tó yẹ kó sọ̀rọ̀ sì ń fi ìlẹ̀kùn họ ẹ̀yìn. Kò kígbe. "Ọ̀la la ń lọ sí ọsibítù l'Óṣogbo," ni ó wí.

"Jẹ́ ká ta búrẹ́dì Jímọ̀ ọ̀la yìí ná. Mo ti po ìyẹ̀fun."

"Ta ni yóò tà á? Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kú?"

Ibi tí wọ́n ti ń wo ara wọn ni Ìyá Bọ́látitó ti bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ilé. Búrẹ́dì ṣì pọ̀ nínú àwo rẹ̀.

"Ṣé kúlórókúìnì yẹn ti rọlẹ̀, Mọ́rúfù?"

Mọ́rúfù wo ìyẹ̀fun tó ń wú lórí tábìlì, ó wo ààrò.

"Kì í ṣe kúlórókúìnì, mà," ni ó wí. "N kò lo ẹyọ kan. Àìsàn ni, bóyá ẹ̀dọ̀ ni, n kò tíì mọ̀. À ń lọ sí Òṣogbo láàárọ̀ ọ̀la kí wọ́n yẹ̀ mí wò. Kò ní sí búrẹ́dì títí a ó fi mọ̀."

Ìyá Bọ́látitó sọ àwo kalẹ̀. "O wá jẹ́ kí n máa parọ́ fún gbogbo Ifẹ̀-Ọ̀dàn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ forí jì mí."

Ó pòṣé. Ó wo ọkùnrin náà pẹ́, ó wo ojú rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí Fàsílátù.

"Bọ́ọ̀sì tó kọ́kọ́ ń lọ sí Òṣogbo kì í dúró de ẹnì kan. Ìyàwó, rí i pé ó tètè jí."

Nígbà tí Fàsílátù fi máa dá a lóhùn, Mọ́rúfù ti wà nídìí ìkòkò omi, ó ń fọ ìyẹ̀fun kúrò láàárín ìka rẹ̀.