Ìyálé Tó Wá Láti League City

Kí a tó bú ẹlòmíràn, Màmá Fúnmi ni ká kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́: láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ ló ti ń jowú obìnrin tí kò rí rí.

Inú àpótí Láyíwọlá ọkọ rẹ̀ ló ti bá fọ́tò kan pàdé: Helen, ọmọge òyìnbó, tó dúró ti ọkọ náà nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, nínú oko kan ní Ìlú Ọba, lásìkò ogun Hítílà.

"Ta nìyí?"

"N ò lè sọ."

"Kí lẹ jọ ń ṣe lóko?"

"N ò lè sọ."

Kí ni ìyàwó tó gbọ́n ìbá rò? Ìyálé ni! Káàdì Kérésì Helen kì í sì í yẹ̀. Màmá ò pariwo o, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Lọ́dọọdún, tí wọ́n bá pa tòlótòló, á ya itan kan sọ́tọ̀ fún ìyálé òkè òkun. Tó bá di ọ̀túnla, á jẹ ẹ́ fúnra rẹ̀, kó má baà bàjẹ́. Níbẹ̀ ni ìdí rẹ̀ ti tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n wá ń bá Fúnmi ọmọ wọn gbé ní Alief lókè òkun ni káàdì dé pé Helen ń bọ̀ láti Ìlú Ọba wá kí ọmọ tirẹ̀ ní League City tó wà nítòsí. Bàbá ní kó yà wá jẹun. Ọkàn Màmá ò balẹ̀ mọ́. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni, a jẹ́ pé ìyàwó kejì lòun látọjọ́ yìí, òun tí gbogbo ìyá ìjọ ń pè ní aya àkọ́fẹ́!

Lọ́sàn-án Sátidé, arúgbó òyìnbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọlé. Gbì! Màmá ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ìyálé mi. Bí ẹ bá fẹ́ yàrá ńlá, màá kó ẹrù mi."

Fúnmi túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ojú Helen pọ́n bí ata.

"Ìyàwó ta ni? Láyíwọlá, o ò tíì sọ fún un ni?"

"A búra," ni Bàbá sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ogun ti parí tipẹ́, òmùgọ̀!"

Helen bá tú àṣírí náà síta. Ihò kan wà nínú igbó tó wà lẹ́yìn oko yẹn, ewé ni wọ́n fi bo ẹnu rẹ̀. Bí àwọn Jámánì bá gúnlẹ̀, àwọn ọmọkùnrin kan tí ìjọba yàn níkọ̀kọ̀ ni yóò sá sínú rẹ̀ títí ọ̀tá yóò fi kọjá, kí wọ́n wá máa jáde fọ́ afárá àti ojú irin mọ́ wọn lọ́wọ́. Láyíwọlá, akẹ́kọ̀ọ́ tó wá ṣiṣẹ́ oko nígbà ọlidé, wà lára wọn. Wọ́n búra pé ìyá tó bí wọn gan-an kò gbọ́dọ̀ mọ̀. Helen ló ń gbé oúnjẹ àti ìròyìn lọ fún wọn.

"Jámánì ò sì wá," ni Helen wí. "Otútù nìkan ló bá wọn jà."

Màmá fò dìde, ó so ìró rẹ̀ le, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ihò! Bàbá Fúnmi, ẹ̀yin tí ẹ ò lè pa aáyán! Ẹ gbọ́ o, ará Alief, èmi nìkan laya!"

Ó bẹ̀rẹ̀ ijó láàárín pálọ̀.

"Ìwọ nìkan náà ni," ni Helen wí, ó ń nu omijé ẹ̀rín. "Ó bẹ̀ mí pé kí n fẹ́ òun o, lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni mo kọ̀."

Fúnmi ti túmọ̀ rẹ̀ tán kó tó fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá ń wo àjà. Ijó dúró. Màmá yíjú sí Helen, ó fọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí.

"Ẹ kọ̀ ọ́ kẹ̀? Kí ló ṣe ọkọ mi?"